Mo Kọ "A Dúpẹ́" Sínú Fọ́ọ̀mù Rẹ

Parsloes, Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ Sátidé, aṣọ ṣì wà lórí okùn.

Rẹ̀mí, Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú iṣẹ́ tuntun ní káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa o. O kú ìjókòó, o kú ọ̀rọ̀ oníkálukú. Wàá máa wò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà sí ọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń rìn láti ibí dé yàrá tí o gbà lẹ́bàá Mayesbrook, tí fóònù sì wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. O mọ̀ mí. Ẹnu mi kì í yá. Bí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ sọ lórí fóònù, ìdajì rẹ̀ ló máa ń jáde. Ìdajì tó kù á dúró sí ọ̀fun mi títí màá fi fọ abọ́ tán. Lórí ìwé, mo lè dúró ronú, mo sì lè pa èyí tí kò tọ́ rẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú ni mo fẹ́ parí. O ń sọ fún mi nípa tọkọtaya kan ní Marks Gate, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tí wọ́n ti ń bá káńsù tọ́jú ọmọbìnrin kékeré kan láti ọdún tó kọjá, tí wọ́n sì fẹ́ gbà á ṣọmọ pátápátá. O kò dárúkọ wọn fún mi. Inú mi dùn sí ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kí o máa ṣe. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ẹ gbọ́. Wọ́n bi wọ́n pé báwo lọmọ ṣe ń sùn: 'A dúpẹ́.' Wọ́n bi wọ́n pé báwo ló ṣe ń jẹun: 'A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.' Wọ́n bi wọ́n pé ìrànlọ́wọ́ wo ni wọ́n ń fẹ́: 'Olúwa ni olùrànlọ́wọ́ wa!' Mọ́mì, I'm dead."

O rẹ́rìn-ín títí o fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà lo wá sọ èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín. O ní ọ̀gá rẹ sọ pé bí kò bá sí ìṣòro nínú ìwé, kò sí owó. O ní ìyàwó ti dín wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kù nítorí ọmọ náà, ọkọ sì ti ń sọ ọ́ lẹ́nu pé bó bá jẹ́ báyìí ni, àwọn ò ní lè gbà á, kí wọ́n kúkú bá a wá ilé mìíràn. O ní wọ́n fún ọ ní àyè ẹ̀ẹ̀kan péré láti padà lọ bá wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí wọ́n tó pa fáìlì náà dé.

Èmi kò rẹ́rìn-ín, o sì ṣàkíyèsí. O ní, "Mọ́mì, ẹ wà níbẹ̀?" Mo ní mo wà. O wá rọra bi mí: "Ṣé wọ́n fún ẹ̀yin náà lówó lórí mi?"

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi sá fún ìbéèrè yẹn. Mo ti to onírúurú ìdáhùn jọ fún un, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fún mi." Mo wá di fóònù mú bí ẹni tó di ìkòkò gbígbóná mú, mo ń retí kí o bú sẹ́kún.

Ohun tí o sọ ni pé, "Swear down? Ẹ búra." Lẹ́yìn náà o mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ o! Mọ́mì, láti kékeré ni mo ti ń rò pé ebi ń pa yín nítorí mi."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. N kò mọ iye ìṣẹ́jú tí mo lò níbẹ̀ lẹ́yìn tí o pa fóònù. Ohun tí mo ti ń bò mọ́lẹ̀ kó má bàa dùn ọ́, òun gan-an ló tù ọ́ lára. Láti Ọjọ́rú, ara mi fúyẹ́ débi pé àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kíṣìnì ilé ìwé ń bi mí bóyá mo ti rí ọkọ. Nítorí náà jẹ́ kí n sọ ìyókù fún ọ, kí n sì fi àṣìṣe mi kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí o gbà yìí. Má fi ará Marks Gate rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi náà ni wọ́n.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà tí wọ́n mú ọ wá bá Màmá Àgbà, tí èmi náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá. Màmá ti ń bá káńsù tọ́jú ọmọ tipẹ́ nígbà náà, èmi ni mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́, mo ń se oúnjẹ, mo ń mú ọmọ lọ sílé ìwé. Àwọn ọmọ máa ń wá, wọ́n máa ń lọ, mo sì ti kọ́ ara mi láti má ṣe so ọkàn mọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì, ó di ọdún méjì. Lọ́jọ́ tí káńsù kọ̀wé pé ó tó àkókò kí wọ́n wá ilé tí wàá wà títí lọ fún ọ, Màmá ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún, orúnkún wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Wọ́n ka lẹ́tà náà, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n ń wo ojú fèrèsé.

Mo ní, "Èmi ńkọ́, Mà?"

"Ìwọ ńkọ́ kí ni?"

"Kí n gbà á."

"Ìwọ Ṣadé? Ìwọ tí o kò tíì lọ́kọ?"

"Ọmọ ni wọ́n ní ká gbà, Mà. Wọn ò ní ká gba ọkọ."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá ní, "Ẹnu rẹ á máa ṣí lọ́jọ́ tó bá wù ú." Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí.

Ìwọ tí o ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ bó ṣe rí ju èmi lọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi nígbà náà. Ẹni tó bá ń báwọn tọ́jú ọmọ, káńsù á máa fún un lówó ìtọ́jú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá gba ọmọ náà ṣọmọ níwájú adájọ́, owó yẹn dúró, nítorí ọmọ ti di tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ràn ọmọ ló ń tìtorí rẹ̀ fà sẹ́yìn, kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ ọ̀kánjúwà, ilé ni kò ní dúró. Ìjọba wá rí i pé èyí kò ṣe ọmọ lóore. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ pé ẹni tó bá gba ọmọ tí ìtọ́jú rẹ̀ ju ti ọmọ mìíràn lọ lè máa rí owó díẹ̀ gbà, kó lè gboyà gbà á. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ìtọ́jú náà jẹ́. Fọ́ọ̀mù ló ń sọ ọ́.

Fọ́ọ̀mù tìrẹ jẹ́ ojú ìwé mẹ́sàn-án. Mo jókòó tì í lẹ́yìn iṣẹ́, mo sì kọ ọ́ tán kí tíì mi tó tutù.

O máa ń kó búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo kọ pé o ń jẹun dáadáa. Bí mo bá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wàá jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí màá fi jáde, wàá sì máa kan ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀ kí o lè mọ̀ pé mo ṣì wà níbẹ̀. Mo kọ pé o fẹ́ràn ará ilé. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè mí láti ilé ìwé rẹ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá pé o ti wọ abẹ́ tábìlì, o ò jáde, kí n máa bọ̀. Mo kọ pé o fẹ́ràn ìwé. Níbi tí wọ́n ti béèrè pé kí ló kù tí mo fẹ́ sọ, mo kọ: "Ara rẹ̀ le. A dúpẹ́."

Kò sí irọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀, Rẹ̀mí. Síbẹ̀, kò sí òótọ́ níbẹ̀.

Kí ló fà á? Ohun mẹ́ta ni. Èkíní, bí a ṣe tọ́ mi. Bí wọ́n bá kí wa pé ṣé àlàáfíà ni, àlàáfíà ni, bí ilé tilẹ̀ ń jó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu lágbára. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ kò gbádùn, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é. Èkejì, ẹ̀rù. Mo rò pé bí mo bá sọ bó ṣe le tó, wọ́n á ní agbára mi ò ká a, wọ́n á sì mú ọ lọ. Ẹ̀kẹta ni mo tijú jù láti kọ: n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo ń fi ọmọ ṣòwò. Mo fẹ́ kí wọ́n máa yìn mí pé ọwọ́ òfìfo ni mo fi gbà ọ́.

Lẹ́tà dé. Ó ní níwọ̀n bí ọmọ kò ti ní ìṣòro, kò sí owó ìrànwọ́. Kò sí ẹ̀bi wọn níbẹ̀. Ohun tí mo kọ ni wọ́n kà. Láàárín oṣù kan náà, iṣẹ́ gbígbá ọ́fíìsì tí mo ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí mo ti pẹ́ jù lẹ́ẹ̀mẹrin. Owó kíṣìnì nìkan ló kù. Mo ro ó síwá, mo ro ó sẹ́yìn. Mo wá mú bírò, mo kọ lẹ́tà ìlà mẹ́rin sí káńsù pé n kò lè ṣe é mọ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ wá ìdílé tó dára fún ọ.

Ohun tí n kò sọ fún ọ rí nìyẹn. Mo kọ ọ́. Mo lẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Ajé ni. Mo ní màá fi ránṣẹ́ ní ọ̀la tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: èmi ti dákẹ́ débi tí mo fẹ́ dákẹ́ sọ ọmọ mi nù.

Ní ọjọ́ kejì, ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà ní ìsinmi, tìrẹ kò tíì gba ìsinmi. Mo wà nílé, mo ń wọ kóòtù láti lọ fi lẹ́tà ránṣẹ́, nígbà tí Pauline kan ilẹ̀kùn. Wàá rántí rẹ̀: sóṣíà wọ́kà rẹ, òṣìṣẹ́ káńsù tó ń rí sí ọ̀rọ̀ rẹ, arẹwà àgbàlagbà tó máa ń gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fọ́ọ̀mù mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó ti Màmá Àgbà, ó ṣí i.

"Ṣadé, mo ka ìwé rẹ. Ọmọ yìí ò ní ìṣòro kankan."

Mo ní, "A dúpẹ́."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò tíì rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Ta lẹ wá ń tọ́jú láti ọdún méjì yìí?"

Kí n tó ronú ohun tí màá sọ, fóònù mi dún. Ilé ìwé rẹ ni. O ti wà lábẹ́ tábìlì, o ti bọ́ bàtà, o ní àfi kí n wá. Pauline gbójú sókè wo aago ara ògiri. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó ní, "Ṣé 'a dúpẹ́' ló ń pè yẹn?"

Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di orúnkún mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín parí, wọ́n yí sí mi, wọ́n ní kí n bá wọn túmọ̀ rẹ̀ fún un pé àwa kì í fi ẹnu wa gbé ibi ka ọmọ lórí. Mo túmọ̀ rẹ̀. Pauline kò jiyàn. Ó kàn béèrè pé, "Bó bá jẹ́ pé kò sí ohun tó ń dùn yín rí, báwo lẹ ṣe ń sọ fún Ọlọ́run yín pé kó ràn yín lọ́wọ́?"

Mo túmọ̀ ìyẹn náà fún Màmá. O mọ̀ wọ́n, wọn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ lórí wọn. Wọ́n ní:

"Ṣadé, nígbà tí o ń wá iṣẹ́, ìwé ẹ̀bẹ̀ tí o fi sínú àpótí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí lo kọ síbẹ̀?"

"Mo kọ pé n kò níṣẹ́, Mà."

"O ò kọ ọ́ pé a dúpẹ́?"

"Rárá, Mà."

"Ṣé o ṣépè fún ara rẹ nígbà yẹn?"

"Rárá, Mà."

"Orúkọ rẹ ńkọ́? O kọ orúkọ rẹ, kò rí bẹ́ẹ̀? O kọ oṣù tí o ti ń jókòó sílé?"

"Mo kọ gbogbo rẹ̀, Mà."

"Áà. Ẹ̀rí lo wá kọ sínú ìwé ìjọba. Ẹ̀rí kọ́ ló ń kọ́kọ́ wá, ọmọ yìí. Ta ló ń jẹ́rìí ohun tí kò tíì rí gbà? Gba ìwé yẹn padà, kí o kọ ọ́ bí ìwé ẹ̀bẹ̀."

N kò mọ bí mo ṣe túmọ̀ ìyẹn fún Pauline. Mo mọ̀ pé ó mi orí, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì, ó gbé mi lọ mú ọ. O jáde lábẹ́ tábìlì nígbà tí o rí ẹsẹ̀ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Pauline fún mi ní fọ́ọ̀mù òfìfo mìíràn. Ìwọ ń wo tẹlifíṣọ̀n, Màmá Àgbà ń gé ẹ̀fọ́ ní kíṣìnì, wọ́n sì ń fi ohùn darí mi láti ibẹ̀.

"O ti kọ ti búrẹ́dì?"

"Mo ti kọ ọ́, Mà."

"Kọ iye rẹ̀."

"Ègé mẹ́fà, Mà."

"Méje. O ò wo inú ìbọ̀sẹ̀."

Mo kọ méje. Mo kọ iye ìgbà tí wọ́n pè mí láàárín oṣù kan. Mo kọ iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ tó bọ́. Mo kọ ọ́ pé mo fẹ́ ọ, pé ó sì rẹ̀ mí. Ojú mi ń ṣomi lórí ìwé, ọkàn mi sì ń balẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ. Nígbà tí mo parí, mo wá lẹ́tà ìlà mẹ́rin yẹn nínú àpò kóòtù mi, mo ya á sí wẹ́wẹ́, mo dà á sínú garawa ìdọ̀tí, mo da èèpo iṣu lé e lórí.

Wọ́n gbà. Owó díẹ̀ ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó fi jẹ́ pé n kò tún wá iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ mọ́. Wọ́n sì fi obìnrin kan kún un tó ń bá ọ ṣeré iyẹ̀pẹ̀ ní Ọjọ́rú, tó ń fi eré náà tọ́ ọkàn rẹ. Nígbà tó fi máa di ìgbà òtútù, búrẹ́dì ti kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ tí a lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ ṣí irun àtọwọ́dá funfun orí rẹ̀, ó fi dé ọ lórí, o ní ó ń yún ọ. Ọjọ́ náà ni ẹ̀rí tó wá.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn wá kù.

Má bi wọ́n ní Marks Gate pé báwo lọmọ. Ìkíni nìyẹn lójú tiwa, ìdáhùn rẹ̀ ti wà lẹ́nu kí o tó bèèrè tán. Bi ìyá yẹn pé aago mélòó ni ọmọ sùn lánàá, aago mélòó ló jí. Bi í pé nígbà tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí ló rí. Bi í pé kí ló ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe mọ́. Bó bá dákẹ́, má fi ọ̀rọ̀ kún un. Àwa tí ẹnu wa kì í yá, àyè là ń fẹ́. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún ọ, jẹ ẹ́, kódà bó jẹ́ òkèlè kan. Ẹni tí kò jẹun nílé ènìyàn, àlejò ìjọba ni, wọn ò ní sọ òótọ́ fún un.

Jẹ́ kí owó ìrànwọ́ náà wà nínú ìwé kí adájọ́ tó fọwọ́ sí i. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ, Àbẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti di tiwọn tán, ó máa ń ṣòro láti ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ ní àwọn ò fẹ́ owó báyìí, ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀kùn ṣí, pé wọ́n lè padà wá. Má sì fi ẹnu lásán ṣèlérí fún wọn nítorí àánú ń ṣe ọ́. Ohun tí kò sí nínú ìwé, kò sí.

Sọ fún wọn nípa fọ́ọ̀mù ọdọọdún. Lọ́dún àkọ́kọ́, nígbà tí káńsù kọ̀wé béèrè bóyá o ṣì wà lọ́dọ̀ mi àti iye tó ń wọlé fún mi, mo gbà á bí èébú. Mo ní, ṣé wọ́n rò pé mo ti tà á ni? Mo gbé e sẹ́yìn ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n. Owó dúró. Nígbà tí mo pè wọ́n tìbínú-tìbínú, ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Àǹtí, gbogbo ènìyàn ló ń gbà á. Àwa náà ń kọ tiwa lẹ́nu iṣẹ́." Ìtìjú bá mi. Mo kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì padà bọ̀. Ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ṣáájú, kí wọ́n má bàa fi ìgbéraga pàdánù ohun tí wọ́n fi ìrẹ̀lẹ̀ gbà.

Èyí tó kàn yìí, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ ọ́, kì í ṣe ìmọ̀ràn nìkan. Wàá rántí ọjọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́, o di ìwé orin mi mú. Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin dúró tì wá, ó ní kí gbogbo ènìyàn gbọ́: "Ṣadé, a gbọ́ pé ìjọba ń sanwó ọmọ fún ọ. Bá mi gba méjì níbẹ̀ nígbà tí o bá ń lọ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń ràn mí lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́. Ohun tí mo sọ ni pé, "Kọ́bọ̀ n kò gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òógùn ojú mi ni mo fi ń tọ́ ọ."

Wọ́n yìn mí. Ìyìn náà dùn mọ́ mi. N kò wo ojú rẹ.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni o ti ń sọ pé o ò fẹ́ bá kíláàsì rẹ lọ sí etíkun. O ń sọ pé bàtà rẹ ṣì gbà ọ́ nígbà tí ìka ẹsẹ̀ rẹ ti ká. O ń bu oúnjẹ rẹ sínú abọ́ mi, o ní o ti yó. Mo rò pé ọmọ oníwà pẹ̀lẹ́ ni mo ní. Mo tilẹ̀ ń fi ọ́ yangàn. Ní Ọjọ́rú tó kọjá yìí ni mo tó mọ̀ pé o ti ń ru ẹrù mi láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹrù tí kò sí níbẹ̀ rárá. Owó wà fún etíkun. Owó wà fún bàtà. Irọ́ mi ló sọ ọ́ di tálákà. Má bínú, ọmọ mi. Àgbàlagbà kì í sábà kọ irú èyí sí ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́: má bínú.

Bí ìyá Marks Gate bá gba owó yẹn, sọ fún un kó má fi pamọ́ fún ọmọ náà. Kó sọ ọ́ fún un bó bá ti tó ọjọ́ orí tó lè yé e, bí ènìyàn ṣe ń sọ pé bàbá àgbà fi aṣọ ránṣẹ́. Ọmọ tó mọ̀ pé ọwọ́ púpọ̀ ló gbé òun kì í bẹ̀rù pé òun wúwo.

Bí ọkọ rẹ̀ bá sì ń sọ pé ojú á ti òun láti gba owó lórí ọmọ, mo mọ irú ìtìjú yẹn. Sọ fún un bó ṣe rí nílé wa. Ìfẹ́ ti wà nílẹ̀ kí owó tó dé. Kò sí ẹni tó lè rà á, kò sì sí ẹni tó gbìyànjú. Àyè ni kò sí. Owó yẹn ló fún mi ní ìrọ̀lẹ́ mi padà, ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo sì fi jókòó tì ọ́ tí o fi mọ̀ pé n kò ní lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ìjọba bá na ọwọ́ tirẹ̀ sí ibi tí tiwọn kò dé, kí wọ́n jẹ́ kó nà á.

Mo mọ̀ pé ní ibi iṣẹ́ rẹ wọ́n ní kí ẹ má máa gbé ọ̀rọ̀ ilé yín lọ sílé àwọn ènìyàn. Béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ Ajé. Bó bá gbà, èmi ti gbà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí obìnrin yẹn bá tún di bírò mú, tó ń wò ọ́, tí "a dúpẹ́" tún ti ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, rọra sọ fún un pé ìyá tìrẹ náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì bí ìwé ẹ̀bẹ̀, pé ó sì gba owó náà. Á fẹ́ mọ ohun tó gbẹ̀yìn ọmọ tí wọ́n gbà á lé lórí. Èmi ìbá ti bèèrè.

Má sọ̀rọ̀ nígbà náà. Dìde dúró, kí ó wò ọ́ dáadáa.

Ìyá rẹ tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀,
Ṣadé.